Àwòrán Inú Àtẹ́lẹwọ́: Ẹyẹ, Ewé àti Omi Lórí Páálí Kékeré ní Modákẹ́kẹ́

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lórí àwọn páànù tó ti dógùn-ún ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, ó gbé pátákó lé itan, ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tó ń ṣe. Páálí funfun kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ìdìbò lọ. Akọ alángbá kan dúró lórí ògiri alámọ̀ nínú páálí náà, orí rẹ̀ pupa fòò, ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Igi kòkó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú èso mẹ́ta: méjì tutù, ọ̀kan ti pọ́n.

Ó sé èémí. Ó fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kan èékánná alángbá náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mí.

Ìyá rẹ̀ ti mú ìgbálẹ̀ dání ní àgbàlá. "Ṣé o ò tíì ṣe tán ni? Mo fẹ́ gbálẹ̀ o, eruku á sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, ó ku ìrù."

Ìyá náà fẹ̀yìn ti òpó, ó dúró de ìrù alángbá.

Iṣẹ́ ọnà ni ọmọbìnrin yìí kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí kò jìnnà sí ilé wọn. Láti ìgbà tó ti jáde, àwòrán tó ń wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ló ń yà: ẹ̀ga tó ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ, ìgbín tó jáde lẹ́yìn òjò, lékèélékèé tó ń tẹ̀lé màlúù, ewé kókò tí omi dúró lé lórí. Nígbà mìíràn, etíkun Badagry ló máa ń yà, pẹ̀lú igi àgbọn àti ọkọ̀ apẹja, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti máa ń lo ọlidé nígbà tó wà ní kékeré.

"Nígbà tí a wà ní yunifásítì, kánfáàsì ńlá la máa ń lò," ó wí. "Mo jáde tán, mo rí i pé àwòrán ńlá ń fẹ́ owó ńlá, yàrá ńlá, àti oníbàárà tó ní ògiri ńlá. Mi ò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlówó nìkan ló mú mi dúró sídìí ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí èèyàn sún mọ́ ọn kó tó rí i."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tó wà láyìíká wa ní Modákẹ́kẹ́ àti Ifẹ̀ tí a kì í sún mọ́ pọ̀ jọjọ. Orí ọ̀kadà la wà tí a fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Àwọn kan nínú wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, a ò sì fura.

Kékeré ní òfin tirẹ̀

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, Royal Society of Miniature Painters, Sculptors and Gravers. Àwòrán tó bá ju íǹṣì 6 sí 4½ lọ, wọn kì í gbà á sí ìpàtẹ wọn, férémù sì wà nínú ìwọ̀n yẹn. Ní Zurich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ M. Vänçi Stirnemann bẹ̀rẹ̀ àṣà mìíràn ní 1997: káàdì íǹṣì 2½ sí 3½, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń fi ọwọ́ ara wọn yà, tí wọ́n sì ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn láìta á. Ìwọ̀n káàdì yìí gan-an ni ọmọbìnrin Modákẹ́kẹ́ yẹn yàn láàyò. Páálí ńlá kan ṣoṣo tó bá rà, yóò gé e títí yóò fi di ìdì káàdì.

Ìyá tó mú ìgbálẹ̀ dúró de ìrù alángbá kò mọ̀ pé àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti sọ ọ̀rọ̀ eruku ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Nicholas Hilliard, tó ya àwòrán kékeré fún Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1600. Ó kìlọ̀ pé kí ayàwòrán wọ aṣọ sílíìkì tí kò ní fi òwú tàbí eruku sílẹ̀, kí ó ṣọ́ra fún èépá orí, kí ó má sì sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kí itọ́ má baà ta sí i. Lórí ògiri ńlá, ẹyọ eruku kan kò já mọ́ nǹkan. Lórí ojú tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ẹyọ eruku kan lè fọ́ ojú náà.

Irun díẹ̀, omi díẹ̀

Gbogbo ohun èlò rẹ̀ kò kún báàgì ọjà. Páálí tó nípọn, pẹ́ńsù, ọ̀dà olómi, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àti awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Bàbá àgbà kan tó ti fi iṣẹ́ aago sílẹ̀ ló fún un ní awò yẹn. Ní Íńdíà, irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn ọ̀gá ayàwòrán kékeré fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Tirẹ̀, ọjà ló ti rà á, ó sì fi bíléèdì gé irun rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìwọ̀nba tó lè ya irunmú labalábá.

Kì í tètè fọwọ́ kan ọ̀dà. Ó máa kọ́kọ́ jókòó ti ohun tó fẹ́ yà, nígbà mìíràn fún odidi ọ̀sán, láìṣe nǹkan kan ju wíwò lọ. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńsù, lẹ́yìn pẹ́ńsù ni ọ̀dà tó fi omi là dáadáa, ìpele kan lórí ìkejì. Àwọn ibi tó gba ẹ̀sọ̀ jù lọ, kì í fa ọ̀dà níbẹ̀, ńṣe ló ń tò ó ní ẹyọ ẹyọ. Bí o bá fi awò wo apá ẹ̀ga rẹ̀, ìyẹ́ tó o rò pé o rí yóò di àmì tíntìntín aláwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú.

Ojú ọjọ́ wa kò rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà máa ń gbẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì kó tó dé orí páálí. Nígbà òjò, páálí máa ń rọ̀, á ká, á sì bu bí ènìyàn kò bá tètè bójú tó o. Agolo mílíìkì ló ń kó èyí tó bá ti parí sí, ó sì ń da ìrẹsì tútù díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa fa ọ̀rinrin.

Ohun kan dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀dà olómi yìí. Oje igi kan ni wọ́n fi ń pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ páálí, igi náà sì ń hù ní àríwá Nàìjíríà, ní Chad àti ní Sudan. Oje náà ń ti ọwọ́ wa lọ sí òkè òkun lápò lápò, ó sì ń padà wá bá wa nínú ike kékeré, pẹ̀lú owó gọbọi lórí rẹ̀.

Ẹyẹ erékùṣù tó ku àwòrán rẹ̀

Kí ni àǹfààní kí ènìyàn máa fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ya alángbá? Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, n ó sì fi ìtàn ẹyẹ kan dáhùn.

Erékùṣù Mauritius wà nínú òkun Íńdíà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹyẹ ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò, tí àwọn òyìnbó ń pè ní dodo. Àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Netherlands gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1598. Eku, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀bọ tó bá ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin rẹ̀, àwọn ènìyàn ń gé igbó tó ń gbé. Kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí, kò sí dodo kankan mọ́ láyé.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ọ̀kan dé Íńdíà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà ayé Jahangir, ọba Mughal tó fẹ́ràn ẹranko àti òdòdó gidigidi. Ní nǹkan bí ọdún 1625, wọ́n ya ẹyẹ náà sórí ìwé kékeré kan, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ mìíràn tó yí i ká. Mansur, ọ̀gá ayàwòrán ààfin, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó yà á. Mùsíọ́mù Hermitage ní St. Petersburg ni ìwé náà wà lónìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ mọ àwọ̀ ara dodo nígbà tó wà láàyè, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́kàn lé ni àwòrán yìí. Ẹni tó yà á kò mọ̀ pé ẹyẹ náà fẹ́ parun. Ó kàn sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó sì ya ohun tó rí.

Àwòrán erékùṣù mìíràn wà tí ó yẹ kí Yorùbá mọ̀. Ayàwòrán ará Ítálì kan, Agostino Brunias, lọ sí Dominica ní erékùṣù Caribbean láàárín àwọn ọdún 1760, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1796. Ọjà, ijó àti ìfọṣọ létí odò àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn ọmọ wọn ló ń yà. Bọ́tìnnì 18 wà ní mùsíọ́mù Cooper Hewitt ní New York tí wọ́n ya irú àwòrán wọ̀nyí sí lójú, tí àwọn kan ń sọ pé ara aṣọ Toussaint Louverture, aṣáájú ìjà òmìnira Haiti, ni wọ́n wà rí. Aṣọ àwọn obìnrin inú àwòrán Brunias àti gèlè orí wọn dára púpọ̀. Síbẹ̀, n kò lè yìn ín tán. Ọ̀dọ̀ gómìnà òyìnbó ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì jẹ́ kí a rí pàṣán. Ẹni tó bá ń ya ohun kékeré lè yan ohun tí yóò fi pamọ́, bí ó ti lè yan ohun tí yóò fi hàn.

Àkọ̀ orí igi

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá sí ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dé Ifẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láyé Ọọ̀ni Abewéilá, wọ́n tẹ ibùdó tiwọn dó. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, ní igbe àwọn àkọ̀ tó pa ìtẹ́ sórí igi ńlá kan níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìlú náà ní Modákẹ́kẹ́.

Mo bi bàbá àgbẹ̀ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bóyá ó rí àkọ̀ rí. Ó ní, "Mo rí wọn lóko. Wọ́n á tò sórí igi lápá odò. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ìtẹ́ àkọ̀ kan. Igi wo ni wọ́n fẹ́ bà lé? Gbogbo ẹ̀ ti di ilé."

Ìlú tí ẹyẹ sọ lórúkọ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ìwé lónìí kò sì lè sọ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ṣe gùn tó. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ta ló yà á fún wọn rí?

A ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́

Àwọn kan rò pé nǹkan òyìnbó ni iṣẹ́ kékeré. Kí wọ́n wá wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Olókun. Aládìrẹ á pín aṣọ náà sí igun igun, inú igun kọ̀ọ̀kan á sì ní ẹja, ẹyẹ, ewé tàbí àkekèé tirẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ àti igi ìgbálẹ̀ ni obìnrin náà fi ń ya gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún pò, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Tú igun kan sílẹ̀ lára ìyókù, o ti rí odidi àwòrán. Orúkọ òrìṣà òkun ni wọ́n fi pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó yà á lè má dé etíkun rí.

Igbá fínfín Ọ̀yọ́, tí àwọn baba ńlá ará Modákẹ́kẹ́ mọ̀ dáadáa kí wọ́n tó kúrò nílé, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó lé ní 12,000 jáde láàárín ìwọ̀nba ọdún. Ifẹ̀ ni wọ́n ti rọ wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí òyìnbó tó dé. Àwọn tó rọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ̀ pé ohun tó wọ àárín ìka méjì lè gbé ọlá ọba.

Ní ti ọ̀dà, àwọn obìnrin ló ń tún ògiri ojúbọ Akirè ní Ifẹ̀ yà. Ilẹ̀, ewé àti èédú ni wọ́n ti ń rí àwọ̀ wọn. Moyo Okediji, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, lọ jókòó tì wọ́n, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ ilẹ̀ ya àwòrán tirẹ̀. Ní 1989, òun àti Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin wa ti ń gbìyànjú ọ̀nà yẹn náà: ó ń gún amọ̀ pupa, ó ń fi aṣọ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé hóró yanrìn kan ṣoṣo tóbi jù fún páálí rẹ̀.

Ohun tó ṣeé dì mọ́ ìró

Láti 1997 sí 2000, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jó ilé púpọ̀, ó sì pa ènìyàn ní ìhà méjèèjì. Màmá àgbà kan sọ fún mi pé àwòrán méjì ti bàbá àwọn ọmọ òun ló wà nílé nígbà náà. "Èyí tó tóbi wà lára ògiri. Èyí tó kéré ni mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró nígbà tí a ń sá. Òun nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi mọ̀ ọ́n."

N kò gbọ́ ìdí tó lágbára ju èyí lọ fún kí ìlú kan ní àwòrán kékeré. A ti gbé àlàáfíà padà, a ń dúpẹ́, a sì ń gbàdúrà kí ó máa pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìrántí tó wà lórí ògiri nìkan, ìyà lè tètè jẹ ẹ́.

Àlàáfíà náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń lo ohun kékeré. Àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto máa ń wálé fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Àpótí wọn ti kún fún èlùbọ́ àti ata gbígbẹ nígbà tí wọ́n bá ń padà. Àwòrán ńlá kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹyẹ inú àtẹ́lẹwọ́ á ráyè wọ àárín ojú ewé Bíbélì tàbí Kùránì.

Ọ̀rọ̀ owó

Títa rẹ̀ kò rọrùn. Oníbàárà á rí àwòrán náà lórí fóònù, á rò pé ó tóbi, á dé, á ní, "Èyí náà ni? Ṣé ẹ ò ní fún mi ní méjì lówó kan ni?" Ìwọ̀n ni àwọn ènìyàn fi ń díwọ̀n owó, bí ẹni pé aṣọ ọ̀pá ni. Ọ̀sẹ̀ tó fi ṣiṣẹ́ kò hàn sí wọn. Ó ti wá rí ọgbọ́n kan dá: ó máa ń gbé awò aago yẹn lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó dárúkọ owó. Ẹni tó bá ti fi awò wò ó kì í sábà ná an mọ́.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fara mọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. "Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kéré la ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mú àwòrán ńlá tó kàn fún un pọ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Láti inú ọkàn ló ti gbọ́dọ̀ kéré. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò yọ kúrò." Ó tún ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé kánfáàsì tó bá bo ògiri ló ń gba máàkì, àwọn olùkọ́ ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà kan ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń kan férémù sọ tirẹ̀. Nígbà kan, àwọn àjákù igi tí kò gùn tó gígùn ọwọ́ ni àwọn tó ń dáná máa ń wá kó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, ó ń tọ́jú wọn. Àjákù yẹn náà ló ń fi kan férémù fún ọmọbìnrin yìí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan tó ti ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀.

Mùsíọ́mù tó wà nítòsí

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní mùsíọ́mù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun ẹlẹ́mìí àti ohun inú ilẹ̀: ẹyẹ, kòkòrò, ewéko, òkúta. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà nínú ọgbà kan náà. Mo rọ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n jọ jókòó. Ayàwòrán nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ìyẹ́ báyìí ni àlùkò ní. Onímọ̀ ẹyẹ náà nílò ẹni tí yóò jẹ́ kí ọmọ ọjà Modákẹ́kẹ́ fẹ́ wo ẹyẹ.

Olùkọ́ ilé ìwé girama kan ní ìlú náà kò dúró dè wọ́n. Ó ti ń gba páálí kọ́ńfíléèkì lọ́wọ́ àwọn òbí, ó gé wọn ní ìwọ̀n káàdì, ó fi ọ̀dà funfun kun ojú wọn. Ó fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí etí omi ìdídò Ọ̀pa nínú ọgbà yunifásítì, níbi tí ẹyẹ omi ti máa ń bà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyẹ kan, ewé kan tàbí kòkòrò kan, kí ó sì yà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àkọ̀ yóò pe olùkọ́.

Ó ti kọ̀wé sí yunifásítì fún ìyọ̀ǹda. Owó bọ́ọ̀sì ló kù, àwọn òbí kan sì ti ní àwọn á dá a.